Ilẹ̀ Alápáàdì Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Wa

Ifọ̀, Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù kẹta, 2006

Ọkàn mi ò balẹ̀ láti àárọ̀. Àwọn bíríkìlà ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ yàrá tí a fẹ́ kọ́ fún Màámi lẹ́yìn ilé, ni wọ́n bá kan àpáàdì. Kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn dà nù o. Ẹnìkan ló tò wọ́n ní òòró, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, bí ìgbà tí wọ́n fi tẹ́ àgbàlá.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Múfútáù, ní kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ lọ. Mo bọ́ sínú kòtò, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá. Ilé àwọn ará àtijọ́ nìyí. Tí a bá fọ́ ọ, ó tán nìyẹn."

"Ṣé kí Màámi máa gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ ni? Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́!"

Mo ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀.

Màámi fúnra wọn tẹ̀pá jáde. Wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n wo ilẹ̀ náà títí.

"Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí fara balẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ gé yàrá mi kù."

Bọ̀dá bínú, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. A fi ọ̀rá bo àwọn àpáàdì náà. Ta ni màá wá lọ sọ fún ní ìjọba ìbílẹ̀ tí kò ní fi mí rẹ́rìn-ín? Bí òjò bá sì rọ̀ ńkọ́...

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹsẹ̀ wọn ìyókù yàrá náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí bẹ́ẹ̀dì Màámi bá wọlé, kò ní sí ibi tí màá tẹ́ ẹní sí láti sùn tì wọ́n nígbà tí ara wọn ò bá yá.