Ooru Olóòórùn Máńgòrò Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ọ

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Ìrètí,
                                        Lugbe,
                                        Abuja.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 2019.

Mùlíkàt, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tó ju ọmọ ìyá lọ,

Báwo ni o, Mùlí? Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Mukhtar ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti lè dìde kírun báyìí àbí orí àga ni wọ́n ṣì ti ń kí i? Mukhtar náà á ti dàgbà, mo mọ̀ pé á ti máa bá ọ ṣe agídí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbí. Kí Ọlọ́run bá wa wò wọ́n. Àwa náà wà ní Lugbe, à ń dúpẹ́. Ọyẹ́ ti ń yọjú, ètè gbogbo wa ti ń là. Bàbá Mofẹ́ ní kí n kí ọ. Kò mọ ohun tí mo ń kọ o, ó rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni.

Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín, pé ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé Wasáàpù. Ọ̀rọ̀ yìí ni kò ṣe é sọ lórí fóònù. Fóònù tèmi, Bàbá Mofẹ́ ló ń dáhùn rẹ̀ jù mí lọ. Tìrẹ náà, ọwọ́ àwọn ọmọ ló máa ń wà. Sùlàímọ́nù, ọmọ Ìrágbìjí tó ń gbé Karmo, tó ń wa bọ́ọ̀sì wá sí Òṣogbo, ni màá fi lẹ́tà yìí rán, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ rẹ gan-an ni kí ó fi í lé. Kí n má fi ọ̀rọ̀ ṣeré: ohun tó dà bíi báírò tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ lóṣù kẹsàn-án, èyí tí mo ní kí o máa fà fún ọ̀fun rẹ, jọ̀wọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má fà á mọ́. Bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ bí o ṣe ń ka ìwé yìí, gbé e sílẹ̀ ná.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé èmi ni mo ń léwájú àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lóṣù kẹfà, òjò ń rọ̀, ọ̀fìnkìn dè mí mọ́lẹ̀, ohùn mi sì há pátápátá. Mo jẹ orógbó títí ẹnu mi fi korò, mo lá oyin, mo jẹ ataare, pàbó ló já sí. Rosemary, ọ̀kan nínú àwa akọrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Dubai dé nígbà náà. Òun ló yọ nǹkan yìí nínú báàgì rẹ̀. Ó ní bátìrì ló ń gbé e ṣiṣẹ́, pé a máa ń ṣáàjì rẹ̀ bíi fóònù ni, pé àwọn olórin ń lò ó lọ́hùn-ún, àti pé ooru lásán ni, kì í ṣe èéfín. Ooru! Ibi tó ti mú mi nìyẹn.

Ṣé o rántí ìyá àgbà mi ní Ìkìrun, nígbà tí o máa ń wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa? Bí imú wa bá ti dí, wọ́n á gbé ìkòkò ewé gbígbóná kalẹ̀, wọ́n á da aṣọ bò wá lórí, wọ́n á ní ká máa fa ooru náà símú, kí ẹnikẹ́ni má yọ orí títí òógùn á fi bò wá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, a ti ń sáré kiri. Èmi náà wá rò ó lọ́kàn mi pé ayé ti lajú, pé òyìnbó ti gbé ìkòkò ìyá àgbà sínú báírò. Òmùgọ̀ èmi! Mi ò béèrè pé ewé wo ló wà nínú rẹ̀.

Mùlí, kí n má purọ́, mo gbádùn rẹ̀. Ó ń ta sánsán bíi máńgòrò, ọ̀fun mi á tutù, ara mi á yá. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé tí o pè mí, tí mi ò lè gbọ́ ohun tí ò ń sọ torí pé àwọn ọgọ́ta ọmọ tí ò ń pariwo mọ́ ní kíláàsì ti mú kí ohùn rẹ há, àánú rẹ ṣe mí. Mo gba òmíràn lọ́wọ́ Rosemary, mo dì í, mo fi ránṣẹ́. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é, Ọlọ́run gbọ́. Ìwọ tí o kò fẹnu kan sìgá rí láyé rẹ, èmi tí mo máa ń bá awakọ̀ jà nínú ọkọ̀ pé kó pa sìgá rẹ̀!

Àfi ìgbà tí Mofẹ́olúwa wálé fún ìsinmi àárín táàmù lóṣù tó kọjá. O mọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, Yorùbá tó ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tó lè sọ lọ. Ó wọ kíṣìnnì, ó bá mi níbi tí mo ti ń se ẹ̀wà, tí ooru ń jáde nímú mi. Ó dúró gbagidi. Ó ní, "Mọ́mì! Ẹ ń mu fépù?" Mo bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ní oògùn ọ̀fun ni. Ọmọ yìí wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Ó ní ọmọkùnrin méjì ni wọ́n lé nílé-ìwé àwọn nítorí nǹkan yìí gan-an, pé ẹ̀gbọ́n sìgá ni. Mo fẹ́ gbá a létí, Ọlọ́run ni kò jẹ́. Ó wọ yàrá mi, ó gbé páálí rẹ̀ wá, ó ní, "Ẹ kà á." Mo wọ awò ojú mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, nínú àwọn lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé nikotíìnì wà nínú rẹ̀, èyí tó wà nínú tábà, tó máa ń sọ èèyàn di ẹrú sìgá.

Ṣé o mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní mínísírì? Èmi ni mo máa ń dá fáìlì padà bí nọ́ńbà ojú ewé kan ṣoṣo bá sọnù. Dáyirẹ́kítọ̀ wa pàápàá máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e gba ọ̀dọ̀ Madam Ìbídùnní, torí kò sí àṣìṣe tó ń kọjá lójú mi. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń fa nǹkan sínú ẹ̀dọ̀fóró ara mi láìka ara páálí. Ojú tì mí níwájú ọmọ mi. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọmọdé nìkan ló gbọ́n nílé wa.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá Dókítà Ọlábímtán, tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, níbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo purọ́ fún un pé ẹnì kan ní ọ́fíìsì wa ló ń lò ó. Ó ní bí ẹni náà bá ti ń mu sìgá tẹ́lẹ̀, tó fẹ́ fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, torí èyí lè má burú tó sìgá fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mu sìgá rí, kí ló ń sá fún tó fi wọ ibẹ̀? Ewu lásán ló rà. Ó ní nikotíìnì máa ń mú kí ọkàn sáré, ó sì máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Omi olóòórùn dídùn inú rẹ̀ tó ń di ooru yẹn náà, bí iná bátìrì bá ti mú un, àwọn kẹ́míkà inú rẹ̀ lè máa ha ọ̀nà èémí èèyàn. Ó ní ohun tí èèyàn jẹ tí kò ṣe ikùn ní nǹkan kan, èèyàn ò lè torí ìyẹn fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó sọ ti àwọn tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kọlù ní Amẹ́ríkà lọ́dún yìí lórí ọ̀rọ̀ fépù, tí àwọn kan kú nínú wọn, àmọ́ ó ní ó jọ pé ohun mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ṣe ọ̀pọ̀ wọn ní jàǹbá.

Mo bi í pé lẹ́yìn ogún ọdún ńkọ́. Ó ní, "Ìyá Mofẹ́, kò tíì pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ. Ara àwọn tó ń lò ó la ó ti rí i." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí bí àyà mi ṣe máa ń lù kìkì ní ìpàdé, tí mo máa ń dẹ́bi fún dáyirẹ́kítọ̀. Mo rántí orin Ìkórè tí à ń kọ́ lọ́wọ́, ìlà kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń fi èémí kan ṣoṣo kọ lọ́dún tó kọjá. Lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń mí kí n tó kọ ọ́ tán. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé fépù ló fà á, ó lè jẹ́ ọjọ́ orí. Àìmọ̀ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Rosemary sunkún nígbà tí mo sọ fún un. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ohun tí wọ́n sọ fún òun náà ló sọ fún wa. Akọrin mẹ́fà ló ti kó o fún, èmi àti òun la sì jọ ń lọ gbà á padà lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ọ̀fun rẹ, dókítà ní kí o máa mu omi dáadáa, kí o sinmi ariwo. Ra agogo, kí o máa lù ú fún àwọn ọmọ náà, ṣebí etí wọn kò di. Bí ohùn rẹ bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, lọ sílé ìwòsàn. Má sì gbàgbé nǹkan náà síbi tí àwọn ọmọ ti lè rí i, torí májèlé ni omi inú rẹ̀ bí ọmọdé bá gbé e mì, òórùn máńgòrò yẹn á sì pè wọ́n.

Bá mi kí Bàbá Mukhtar, kí o bá mi kúnlẹ̀ kí Màmá dáadáa. Kí gbogbo àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ tó mọ̀ mí.

Mùlí, mo ti ká ìwé yìí tán, mo tún tú u. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí Mofẹ́ tó padà sílé-ìwé, mo sọ fún un pé mo ti ju tèmi nù, inú rẹ̀ dùn, ó dì mọ́ mi. Irọ́ ni mo pa fún ọmọ mi. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi í sílẹ̀. Orí fọ́ mi, mo jágbe mọ́ Bàbá Mofẹ́ nítorí iyọ̀ ọbẹ̀, ọwọ́ mi kò yéé wá a nínú báàgì. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ti ara mi mọ́ ilé ìyàgbẹ́ ọ́fíìsì, mo fà á, mo sì sunkún. Èmi tí mò ń gba ti ẹlòmíràn kiri, tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Lọ́jọ́ Ajé, màá padà lọ bá dókítà, màá sọ fún un pé èmi lẹni náà. Nítorí náà, má tíì dárí jì mí. Kọ́kọ́ ju tìrẹ nù. Bí o bá ti jù ú nù, pè mí. Bí o bá sì rí i pé ọwọ́ rẹ ò gbà láti jù ú nù, tètè pè mí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá Mofẹ́ ló gbé fóònù náà. Ṣáà ní kó fún mi.

Èmi ni, tìrẹ lóòótọ́,
Ìbídùnní.