Ìyá Tó Gbàdúrà fún Ìjàpá Òkun: Ìgbésí Ayé Olóògbé Màmá Àníkẹ́ Ìbíkúnlé ti Ìrè-Èkìtì

Láti Ìrè dé Ìsàn, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, kò sí ọmọ tuntun tí Màmá Àníkẹ́ Ìbíkúnlé wẹ̀ tí kò sanra, kò sì sí ọmọ tó kọ oúnjẹ lọ́wọ́ wọn rí. Nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí lónìí, ìdajì yín ni Màmá wẹ̀. Ẹ wo ara yín.

A bí Màmá ní agboolé Aṣaọ́lú, ní Ìrè-Èkìtì, ní nǹkan bí ọdún 1895. Bàbá wọn ni Ọbáfẹ́mi alágbẹ̀dẹ. Ìyá wọn, Ọmọ́yẹni, wá láti Ìsàn, níbi tó ti ń mọ ìkòkò. Màmá kò lọ sí ilé-ìwé, nítorí pé lọ́jọ́ tí ilé-ìwé dé Ìrè, ọmọ aládùúgbò wà lẹ́yìn wọn. Ní 1915 wọ́n fẹ́ Olóògbé Jósẹ́fù Ìbíkúnlé, àgbẹ̀ kòkó, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá ló ń sọ ti àwọn méjèèjì. Ọlọ́run fi ọmọ márùn-ún ta wọ́n lọ́rẹ. Kí Bàbá tó sùn ní 1949, gbogbo ọmọ náà ti kàwé, èyí ni pé gbogbo wọn ti kúrò nílé.

Ní 1957, ìyàwó Fọláhàn, ọmọ kẹta, bímọ ní Èkó. Màmá kó kàn-ìn-kàn-ìn, ọṣẹ dúdú àti àdí sínú agbọ̀n, wọ́n bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ láti lọ wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ìyàwó yìí, Morìnsọ́lá. Ó kúnlẹ̀, ó gba agbọ̀n náà, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ jókòó, ẹ sinmi." Ó sì wẹ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Màmá sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìsinmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Ní àdúgbò náà, kò sí ẹni tó gbọ́ Èkìtì tí wọ́n ń sọ. Fọláhàn wá ń mú wọn dání lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ilé kan létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹja àti ẹran omi tó bá fara pa. Nínú adágún onísìmẹ́ńtì kan níbẹ̀, Màmá rí ìjàpá òkun kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Okùn àwọ̀n apẹja ti gé wọ apá rẹ̀. Ó sì kọ oúnjẹ. Màmá dìde. Wọ́n tẹ̀ mọ́ etí adágún, wọ́n ká àtẹ́lẹwọ́ bí ìgbà tí à ń rọ ọmọ lẹ́kọ, wọ́n kó ẹja wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n sì tì í sí ìjàpá lẹ́nu.

Ìjàpá gé wọn jẹ. Ìka wọn kan kò nà tán mọ́ títí wọ́n fi jáde láyé.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí, ọ̀gá ibẹ̀, ní kí ìyá yìí má sún mọ́ omi mọ́. Lọ́jọ́ kejì Màmá gbé àpótí jókòó síbi tí ẹnu ìjàpá kò lè dé, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́: ta ló bímọ ní Ìrè, ta ló ń bá ta jà, bóyá òun náà ń rántí ulé, ilé tó ti wá. Ìjàpá a yọ orí, a mí, a tún rì. Màmá ní ó ń dáhùn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Màmá ní ọ̀rọ̀ àwọn ló wọ̀ ọ́ létí. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí ní abẹ́rẹ́ tí àwọn ń gún un ni. Ìdílé kò dá sí i.

Ní 1958, nígbà tí ọgbẹ́ jinná, ọkùnrin mẹ́rin gbé ìjàpá náà lọ sétí òkun láti dá a padà. Màmá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbàdúrà fún un bí arìnrìn-àjò: kí ejò má bù ú ṣán lọ́nà, kí mọ́tò má gbá a, kí ibà má ṣe é. Ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe àmín. Ìjàpá wọ omi. Màmá dúró pé yóò yọjú. Oòrùn yẹ àtàrí, wọ́n ṣì dúró.

Fọláhàn ní, "Màmá, ẹranko kì í wẹ̀yìn."

Màmá ní, "Ọmọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe."

Wọ́n padà sí Ìrè, sínú ilé oníyàrá mẹ́jọ tí àwọn ọmọ kọ́ fún wọn. Wọ́n ń gbá gbogbo yàrá náà, wọ́n ń sùn nínú ọ̀kan. Wọ́n sọ ìtàn ìjàpá náà nínú Ẹgbẹ́ Ìyá ti ìjọ Áńgílíkà. Àwọn ìyá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, wọ́n sì béèrè bí ẹran rẹ̀ ṣe dùn tó. Màmá kò sọ ọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìkórè 1960, Alùfáà Adéníyì ní kí ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ jáde wá. Màmá jáde. Wọ́n ní kí ìjọ bá àwọn gbàdúrà fún ọmọ àwọn tó wọ inú òkun lọ, tí àwọn kò rí mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Ìrè ti gbọ́ pé ọmọ Màmá bómi lọ, wọ́n sì ti tẹ wáyà sí Èkó àti Ìbàdàn. Àwọn ọmọ sáré dé, ojú wọn wú, oníkálukú ń ka àwọn yòókù. Wọ́n pé márùn-ún.

"Màmá, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ fọ ọwọ́, iyán ń tutù."

Yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kún. Inú sì bí àwọn ọmọ gidigidi, nítorí pé iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n. Lọ́jọ́ kejì Màmá di iṣu fún oníkálukú, wọ́n béèrè ìgbà tí wọ́n máa tún wá. Àwọn ọmọ ní láìpẹ́.

Màmá ń wẹ ọmọ ìlú títí di 1964, wọn kò sì pa ìsìn jẹ. Ní oṣù kejì ọdún 1966, Ìyá Kọ́lá, aládùúgbò, bá wọn lórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí títì. Wọ́n ti sùn.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Ọmọ́táyọ̀, Olúṣẹ́gun, Fọláhàn, Fúnmilọ́lá àti Ayọ̀kúnlé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kàndínlógún àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì. Màmá, kí ilẹ̀ Ìrè tù yín lára. Ẹ sùn re o.

Gbogbo ọmọ ló ráyè wá.