Ẹ̀kọ́ Tí Wọ́n Kà sí Ẹ̀kọ ní Abà Látúndé

                                                            Ojúlé Kẹrin, Ọ̀nà Odò,
                                                            Ajíbọ́dẹ, Ìbàdàn.
                                                            Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Sanmí, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo yín ní Màláwì o? Mo gbọ́ pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín nígbà tí tiwa ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ kú ìyípadà ojú ọjọ́. Àjíkẹ́ ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tí ó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bí wọ́n bá ń fi èdè àwọn ará ibẹ̀ dá ọ lóhùn, má ṣe bínú, ṣùgbọ́n Yorùbá ni kí o máa fi bi wọ́n léèrè. Ara tèmi le, àfi orúnkún tí kò jẹ́ kí n gbàgbé pé mo ti fẹ̀yìn tì.

Nínú lẹ́tà rẹ tí ó dé gbẹ̀yìn, o béèrè ohun tí ó dá Bùkọ́lá dúró, nígbà tí ìjọ ti fẹnu kò láti oṣù Kẹjọ pé òun ni wọn yóò rán wá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́n yín ní ìṣirò. Ìbéèrè náà tọ́. N óò dáhùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá mú un láti òpin, o lè rò pé ọmọ náà ṣojo ni.

O mọ Jìmí, akọ̀wé ìjọ wa ní Mọ́níyà, bí ó ṣe máa ń kánjú. Ó kọ ìkéde kan, ó sì fi í ránṣẹ́ lórí fóònù sí gbogbo ìjọ kéékèèké tí ó wà ní àwọn abúlé. Mo dà á kọ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kọ ọ́: “Ebi eko n pa awon omo Malawi. Arabinrin Oluwabukola ti setan lati lo fun won ni eko. E ran an lowo.” Kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, kò sí àmì kankan lábẹ́ lẹ́tà. Ó ní gbogbo ènìyàn ni yóò yé. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ èdè, gbólóhùn yìí ni mo máa ń gbọ́ kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀.

Ní Abà Látúndé, níbi tí Bùkọ́lá ti ń ṣe olùkọ́, Bàbá Ọládòṣù, díákónì ibẹ̀, ni ó ka ìkéde náà ní ọjọ́ Ìsinmi. Ohùn òkè ni ó yẹ kí ó parí ọ̀rọ̀ “eko” yẹn. Ohùn àárín ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni a ń kọ́ nínú ìwé, èkejì ni a fi ń jẹ àkàrà. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè, nítorí Bùkọ́lá fúnra rẹ̀ ti sọ fún wọn rí pé àgbàdo ni oúnjẹ gidi ní Màláwì. Òun ni ì bá tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, níbi tí wọ́n ti ń dá àwọn tí ń lọ sí òkè òkun lẹ́kọ̀ọ́.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó àgbàdo jọ nìyẹn. Kì í ṣe ọmọ ìjọ nìkan ni ó kó o wá. Ìyá Kaothar, mùsùlùmí tí ó ni ẹ̀rọ ìlọta abúlé náà, ní ebi kò mọ ìyàtọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ó gbé àpò tirẹ̀ wá, ó sì ní òun yóò bá wọn lọ gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ewé eéran wà ní Màláwì, nítorí òun kò fẹ́ kí wọ́n máa fi ọ̀rá pọ́n ẹ̀kọ fún ọmọdé.

Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí Jìmí pé kí ó wá fi ọkọ̀ kó àgbàdo, ó sá tọ̀ mí wá. A jọ lọ. Mo jókòó láàrin wọn nínú ilé ìjọsìn, mo ní kí wọ́n pe ọ̀rọ̀ méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn, kí wọ́n sì fetí sí ibi tí ohùn ti gòkè. Ẹ̀rín sọ.

“Bàbá Ọládòṣù, kì í ṣe ẹ̀bi yín,” ọkùnrin kan wí láti ẹ̀yìn. “Ààwẹ̀ lẹ gbà lọ́jọ́ náà. Oúnjẹ ló wà lọ́kàn yín.”

“Ìwọ tí o jẹun yó wá síbí,” ni Bàbá dá a lóhùn, “kí ló dé tí ìwọ náà gbọ́ ẹ̀kọ?”

Ìyá Kaothar kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé ni Àǹtí Bùkọ́lá ń lọ kọ́ wọn?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ìgbà wo ni wọ́n máa padà?”

Jìmí ni ó dáhùn pé ó di ọdún mẹ́ta.

“Ta ló máa wá kọ́ Kaothar?”

“Ọlọ́run á pèsè, Ìyá.”

“Àmín o, akọ̀wé. Mo ní ta ni?”

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó wà nídìí ìbéèrè yìí. Olùkọ́ méjì péré ni ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mú àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, Bùkọ́lá tí ìjọ yọ̀ǹda mú àwọn ti òkè. Kí ó tó débẹ̀, ọmọ kíláàsì karùn-ún kò lè ka orúkọ ara rẹ̀. Ní báyìí, Kaothar ni ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára oògùn fún ìyá rẹ̀. Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi yọ̀ǹda àgbàdo wọn. Olùkọ́ ni wọn kò mọ̀ pé àwọn ń yọ̀ǹda.

Jìmí ní kí kálukú wá mú àpò rẹ̀. Wọ́n kọ̀. Ìyá Kaothar ní ohun tí a bá ti fún ọmọ, ẹnu ọmọ ni ó ń wọ̀, nítorí náà àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ abúlé ni ó ń mu ògì rẹ̀ láràárọ̀.

Bùkọ́lá dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, a sì ròyìn fún un. O mọ̀ pé láti ilé ìwé Ọjọ́ Ìsinmi ni ó ti ń sọ pé òun yóò di míṣọ́nárì. Ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ti ra bàtà òjò. Ó ní òun kò ní lọ láìjẹ́ pé àwọn òbí fi ẹnu ara wọn tú òun sílẹ̀, ó sì lọ bá wọn.

Bàbá Ọládòṣù sọ fún un pé, “Ọmọ mi, a ò so ọ́ mọ́lẹ̀.”

“Èmi so wọ́n mọ́lẹ̀ ní tèmi,” Ìyá Kaothar wí. “Àǹtí, tó bá wù yín kẹ́ ẹ máa bínú sí mi. Ẹ ṣáà máa wá lọ́jọ́ Ajé.”

Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Ó sọ fún ìgbìmọ̀ ìjọ pé òun kò ní kúrò títí ẹnìkan yóò fi lè dúró nínú kíláàsì òun, àti pé ọmọ ibẹ̀ ni òun fẹ́ kí ó jẹ́. Zubaidah, ọmọ abúlé náà tí ó parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí kò sì tíì rí iṣẹ́, ti ń jókòó tì í báyìí láti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Iṣẹ́ náà kò ṣeé kánjú, kò sì lè parí ní ọdún ẹ̀kọ́ yìí.

Ìwọ ni o kọ̀wé pé ẹni tí ó bá kọjá òkun lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, iṣẹ́ Kristi ni ó ń ṣe. Mo gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ni ó so wá pọ̀ mọ́ Màláwì. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ náà ni àwọn ti Abà Látúndé, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìjọ. Ọ̀kadà ni Bùkọ́lá ń gùn lọ bá wọn, nítorí náà kò sẹ́ni tí ó pè é ní míṣọ́nárì. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. N kò ní fi í wàásù fún ọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dùn ọ́, pàápàá bí o ṣe ń dá kíláàsì púpọ̀ mú. Má ṣe retí rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní. Bí o bá lè rí olùkọ́ ìṣirò láàrin àwọn ará ibẹ̀, tètè mú un.

Bá mi kí Àjíkẹ́ àti àwọn ọmọ, kí o sì kí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ. Khàlíl aládùúgbò wa ní kí n kí ọ.

Bùkọ́lá bá mi níbi tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, ó sì rán mi sí ọ. Ó ní, “Mi ò kọ̀ o, Bùrọ̀dá Sanmí. Mò ń kọ́ wọn ni.” Ó ní kí n fi àmì sí i dáadáa.

                                                            Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ń rántí rẹ,
                                                            Adémidé.