Mo Ní Táyé Ti Kú

Ọjọ́bọ̀, Igbó-Ọrà

Wọn ò gbà.

Mo lọ sí ọ́fíìsì adójútòfò ìlera ní Ẹ̀rúwà láàárọ̀. Mo ṣàlàyé fún obìnrin tó ń dá wa lóhùn níbẹ̀ pé ọkùnrin ni mí, bí wọ́n tilẹ̀ bí mi lóbìnrin, pé kí wọ́n bá mi sanwó iṣẹ́ abẹ tí wọ́n á fi gé ọmú mi kúrò. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ìbá sàn.

"Ẹ má bínú, àìsàn nìkan la máa ń sanwó fún," ó ní. "Irú ẹ̀ la ṣe fún èkejì yín nígbà tí wọ́n ní jẹjẹrẹ. Ara wọn ti yá báyìí, àbí?"

Nílé wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. Ọjà ni Táyé lọ. Màmá kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo rò pé àánú á ṣe obìnrin yìí, ni mo bá sọ ọ́: "Táyé ti kú, mà."

Ojú ẹ̀ fà ro. Síbẹ̀, ó ní kò sóhun tóun lè ṣe sí i.

Ìgbà tí mo délé, Màmá ti bu ẹ̀wà sí abọ́ méjì. "Jẹ tìẹ, ọmọkùnrin mi," wọ́n ní. "Táyé ò ní í pẹ́ tọjà dé."

Ẹnu tí mo fi sọ ọ́ l'Ẹ̀rúwà náà ni mo fi jẹ ẹ̀wà ọ̀hún.