Ahọ́n Tí Mo Yá Fún Ààwẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹwàá, 2025
Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Kò sí jíjẹ, kò sí mímu, títí aago mẹ́ta ọ̀sán. Èmi tí mò ń dáná fún igba ọmọ ilé-ìwé nísàlẹ̀ Mápó! Mi ò lè tọ́ ọbẹ̀ wò mọ́. Mo fi ojú díwọ̀n iyọ̀ ẹ̀wà. Ojú purọ́. Àwọn ọmọ mu omi dúrọ́ọ̀mù tán pátápátá. Mádáàmù Agogo—orúkọ tí mo sọ ọ̀gá ilé-ìwé níkọ̀kọ̀—ní ṣé omi òkun ni mo fi sè é ni. Ojú tì mí, mo sì tún rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata. Bí mo ṣe ní kí n da iyọ̀ síkòkò, mo gbọ́ ohùn lójú fèrèsé: "Mọ́mì, ẹ ti fi í sí i lẹ́ẹ̀kan." Ọmọbìnrin kan ni, Ifáyọ̀kẹ́, kíláàsì kẹrin. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní ojoojúmọ́ lòun máa ń dúró wò mí. Mo wá rántí rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ní kíláàsì kẹta, abọ́ tirẹ̀ kì í nílò fífọ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ìjọba kì í kọjá kíláàsì kẹta. Ṣé ebi mọ kíláàsì ni?

Mo ní kó wọlé wá bá mi tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó fi ṣíbí bọ ẹnu, ó dijú bí àgbàlagbà. Ó ní ata ló kù. Òótọ́ sì ni!

Ọjọ́rú, 8
Mo ti sọ ọ́ ní Ahọ́n Mi. Abọ́ alásè tí mo máa ń jẹ lójoojúmọ́, òun ni mo ń gbé e fún. Mi ò gba ti ọmọ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mi ò jẹ tèmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Àsáró. Ahọ́n Mi ní epo pọ̀ jù. Ta ló bi í?—ó tún jàre mi.

Ọjọ́rú, 15
Ìyá rẹ̀ àgbà ló ń tọ́ ọ, n'Ísàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọṣẹ dúdú ni màmá ń tà l'Ọ́jà'ba. Tí wọ́n bá rí ẹ̀kọ láàárọ̀, wọ́n á jẹ ẹ́; tí wọn ò bá rí, omi náà nìyẹn. Onífá ni wọ́n nílé. Màmá ránṣẹ́ sí mi lónìí pé ẹ kú àánú o, àwọn ò mọ̀ pé ààwẹ̀ àwọn aláṣọ funfun máa ń yó ẹlòmíì. Mo rẹ́rìn-ín títí iná fẹ́ẹ̀ kú.

Ọjọ́ Ajé, 20
Wàhálà dé. Ọ̀gbẹ́ni Ọládiípọ̀ tó ń bẹ oúnjẹ wò wá láti ọ́fíìsì ìjọba. Bàbá Bírò ni mò ń pè é, torí bírò kì í kúrò létí rẹ̀. Ó bá Ahọ́n Mi nídìí abọ́. Ó ní kíláàsì kẹrin kò sí nínú ìwé. Mo ní oúnjẹ tèmi ni, mò ń gbààwẹ̀, ọmọ yìí ló ń bá mi tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó kọjú sí i, ó ní kí ló wá kù nínú ọbẹ̀ tòní? Ọmọ ní, "Kò ku nǹkan kan sà, àfi kí ẹ jókòó." Bàbá Bírò bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó jẹ abọ́ kan ààbọ̀.

Kó tó lọ, ó ní, "Tí ààwẹ̀ yín bá wá parí ńkọ́, Mà?" Mo gbé abọ́ rẹ̀, mo lọ fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 24
Ọjọ́ kọkàndínlógún. Ebi ń pa mí, mi ò ní purọ́. Iyán ọjọ́ Àìkú ni mò ń rí lójú àlá. Ahọ́n Mi béèrè pé ọjọ́ mélòó ló kù. Mo ní méjì. Ó ní ẹ kú ìtiraka o, Mọ́mì. Ó fọ abọ́ rẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, ó lọ. Ó dùn mí.

Ọjọ́ Àìkú, 26
Iyán! Ẹ̀gúsí! Ẹran mẹ́ta! Ògo ni fún Olúwa.

Ọjọ́ Ajé, 27
Ẹ̀wà. Ahọ́n Mi dúró sójú fèrèsé, kò wọlé. Ó ní ẹ kú oríire ààwẹ̀, Mọ́mì, ẹ ti lè tọ́ ọ wò fúnra yín. Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ṣe rẹ́gí, ata ṣe rẹ́gí. Mo fajú ro: kò dùn, nǹkan kan kù, wá bá mi wò ó. Ó wọlé. Ó fi ṣíbí bọ ẹnu, ó dijú. Èmi ọmọ aládùúrà ń gbàdúrà lọ́kàn pé: parọ́, ọmọ yìí, jọ̀ọ́, parọ́.

Ó lajú, omi ti kún un. "Ó dùn, Mọ́mì. Kò ku nǹkan kan."

Ọmọ tí ebi ń pa, tí kò jẹ́ fi irọ́ wá oúnjẹ! Mo fà á mọ́ra. Mo ní ahọ́n tí kì í parọ́ báyìí, ta ni yóò lé e lẹ́nu iṣẹ́? Mo bu abọ́ tèmi, mo gbé e fún un. Ó jẹ ẹ́ dán.

Mo délé láago mẹ́ta, mo mu gàrí. Ọkọ mi ní ṣé ààwẹ̀ ò tíì parí ni. Mo ní ti ṣọ́ọ̀ṣì ti parí. Tèmi pé ọjọ́ kejìlélógún lónìí.