Pèrègún Tí Zipporah Gbìn

Zipporah, ìyàwó mi, Ìyá Tósìn.

Òjò ọdún kẹrin ti ń rọ̀ báyìí tí o kò bá wa sáré ká aṣọ wọlé. Ọdún mẹ́rin! Ara mi le. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun.

Tósìn ti di igbákejì ọ̀gá ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìwọ náà ti kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkàrẹ́. Happiness ọmọ rẹ̀, tí o gbé jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ti ń ka ìwé sí mi létí. Ó ní mi ò mọ Òyìnbó pè. Mọ́júbọ́lá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Àkùngbá, ó sì ti lọ́kọ. Jesse ń ta síméńtì àti irin, ọwọ́ rẹ̀ ti ròkè díẹ̀. A ti tún òrùlé ilé ìdáná kàn, kò jò mọ́. Theresa ló ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ipò rẹ báyìí. Ó máa ń sáré orin ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ àbàtà ẹ̀yìn ilé ni n kò mọ bí mo ṣe máa sọ fún ọ.

O mọ bó ṣe rí. Láti ẹ̀yìn ilé ìdáná wa títí dé ẹsẹ̀ òkè, kò sí ilé kan. Ilẹ̀ gbogbo ẹbí ni, kò sẹ́ni tó ń dáko síbẹ̀ torí kì í gbẹ. Ẹni tó fẹ́ pọ́n mọ́ínmọ́ín á lọ já ewé. A ń ṣa ìgbín níbẹ̀ nígbà òjò, a ń pọn omi níbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ti ń gé imọ̀ ọ̀pẹ. Kò sẹ́ni tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún kejì tí o lọ, ẹbí tà á. Akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ jù ní Àkùngbá, àwọn tó ń kọ́lé fún wọn ti ń wá ilẹ̀ dé Ọ̀kà wa níbí. Bàbá Sàídì, olórí ẹbí wa, pè wá jọ, ó ní ilẹ̀ tó kàn sùn sílẹ̀ kì í bọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní omi tó ń ti orí òkè bọ̀ nílò ibi tí yóò sùn sí.

Badmus àbúrò rẹ̀ dáhùn pé, "Bàbá Tósìn, omi kì í san owó ilé o."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wọn ilẹ̀ náà, ìhà òkè ni wọ́n gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n dé àárín, wọ́n kan pèrègún. Pèrègún rẹ! Ọdún tí àgbàrá kó ìdajì ẹ̀yìnkùlé wa lọ ni o gé ọ̀pá pèrègún, tí o rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, láti ibi àpáta ńlá títí dé ẹnu omi. Mo ní wọn ò ní yè. Wọ́n yè. Wọ́n ti ga jù mí lọ.

Bàbá Sàídì dúró níwájú wọn, ó ṣí fìlà. "Ẹ dúró! Ààlà rèé. Àwọn bàbá wa ló gbin èyí. Láti ibí lọ sísàlẹ̀, ti ilé Bàbá Tósìn ni."

Mo ní, "Kì í ṣe ààlà. Ìyàwó mi ló gbìn ín, nítorí àgbàrá."

"Obìnrin wo ló ń gbin pèrègún?" Badmus ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ilá ni obìnrin ń gbìn."

Bàbá Sàídì fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Tósìn. Ẹ má torí ọ̀fọ̀ sọ ilẹ̀ bàbá yín nù."

Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. O mọ̀ mí, n kì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀ sí ẹsẹ̀ pèrègún rẹ.

Katakátá dé nígbà ọyẹ́. Ó wó àwọn ọ̀pẹ, ó sì ru ilẹ̀ pupa dí omi. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló kún ibẹ̀ báyìí. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun gbogbo rẹ̀. Bóyá wọ́n rò pé a kò ní mọ ìyàtọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ló ń ké níbi tí kọ̀ǹkọ̀ ti ń ké tẹ́lẹ̀. Omi òjò tí kò ríbi sùn mọ́ ti ń wọ yàrá Àlájà Raliat, aládùúgbò wa. Ó ti fi búlọ́ọ̀kù gbé ibùsùn rẹ̀ ga. Ó ní omi ti di àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò burú. Wọ́n ń kí mi.

Apá ìhín pèrègún ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Kò tóbi. Ewé wà níbẹ̀. Gbogbo kọ̀ǹkọ̀ tó ṣẹ́kù ti ṣí wá sọ́dọ̀ wa, wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn.

Lọ́jọ́ Àjíǹde tó kọjá, Jesse mú àwòrán ilé wá: yàrá akẹ́kọ̀ọ́, láti ẹ̀yìn ilé ìdáná dé ìdí pèrègún. Tósìn gbè é. Ó ní, "Bàbá, gbogbo ìlú ti gbà pé tiwa ni."

Mo rò ó. Bí mo bá tún lọ takú fún ẹbí pé kì í ṣe tiwa, wọn yóò tà á. Bí mo bá sì gbà pé tiwa ni, síméńtì Jesse yóò dé. Ọ̀nà méjèèjì, ewé náà yóò lọ. Àfi kí ìlú máa pè é ní tèmi, kí èmi má sì pè é ní nǹkan kan. Báyìí ló ṣe lè wà, níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà.

Mo sọ fún Jesse pé, "Èmi kọ́ ni mo ni ín. Ìyá rẹ ló gbin ohun tó dá a sí. Lọ bi í."

Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Bàbá!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ojú mi, ó ká ìwé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ rẹ. Láti kékeré, ohun tí mo bá fi dù ú, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń gbé e lọ. O kò lè sọ pé rárá fún un. Ẹran inú àwo rẹ pàápàá, o máa ń yọ ọ́ fún un. Yóò wá sí ibojì rẹ lọ́jọ́ ìrántí yìí, yóò tún un ṣe dáadáa, nítorí ọmọ gidi ni. Lẹ́yìn náà ni yóò bi ọ́.

Zipporah, a kò gbàgbé rẹ. Mo fẹ́ràn rẹ. Àárò rẹ ń sọ mí. Láràárọ̀ ni mo ń bi ọ́ ní ìbéèrè nínú yàrá wa, fún odidi ọdún mẹ́rin, o kò sì dá mi lóhùn rí.

Jọ̀wọ́, má dá òun náà lóhùn.

Joseph, ọkọ rẹ.