Ológbò Àgbàsìn Kan ní Sábó

Ṣọ́ọ̀bù Alhaja Ràmọ́tà,
Sábó,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín nígbà tí mo wálé kẹ́yìn ti fi yín sílẹ̀? Màmá ńkọ́, àwọn ewúrẹ́ ńkọ́, gbogbo ará ilé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ńkọ́? Ní tèmi, mo ń jẹun, mo ń sùn, iṣẹ́ sì ń lọ déédéé. Alhamdulilahi.

Bàbá, mo mọ̀ pé inú yín kò dùn sí mi. Nígbà tí ẹ pè mí lórí fóònù lọ́jọ́sí, ohùn yín ń já, ṣùgbọ́n mo gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ẹ ní Mátíù awakọ̀ sọ fún yín pé mo ń gba owó káàkiri Sábó lórí ikùn ológbò, pé ológbò náà kò sì lóyún rárá. Ẹ ní, "Waliyat, ṣé orúkọ mi lo fẹ́ máa fi gbowó lọ́wọ́ ará ìlú ni?" Kí n tó dáhùn, nẹ́tíwọọ̀kì ti lọ. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n tí mo bá mú bírò, mo lè tò ó. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, tí mo sì fi rán Mátíù fúnra rẹ̀, kí ẹni tó gbé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wá bá yín lè gbé ìyókù rẹ̀ wá pẹ̀lú.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó máa ń ra ìrẹsì lọ́dọ̀ wa, Olúwatómisìn lorúkọ rẹ̀, Under G ló ń gbé. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó ń kó ẹrù lọ sílé wọn, ó gbé ológbò rẹ̀ wá bá mi nínú páálí. Bàbá rẹ̀ ti sọ pé ológbò kò gbọdọ̀ wọlé òun. Ó ní, "Sister Waliyat, tí o bá gbé ìrẹsì wá, gbogbo èèyàn ló ń fò ó kọjá, ìwọ nìkan lo máa ń kí i." Òótọ́ ni. Abo ni, funfun, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì dà bíi bísíkíìtì, torí náà Bísíkíìtì ni wọ́n ń pè é. Mo gbà á. Alhaja Ràmọ́tà, ọ̀gá mi, kò bá mi jà. Eku ti fẹ́ lé wa kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, àlùfáà wọn sì ti sọ fún wọn rí pé omi tí ológbò bá fẹnu kàn ṣì ṣeé ṣe àlùwàlá.

Kò pẹ́ tó dé ló kọ oúnjẹ. Mo gbé ẹja síwájú rẹ̀, ó wò ó bí ẹni wo òkúta. Ikùn rẹ̀ sì ń ga. Alhaja fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Oyún ni. Ọmọ tó wà níbí kò lè dín ní mẹ́rin." Àwọn fúnra wọn ti bímọ mẹ́fà, ta ni yóò bá wọn jiyàn? Gbogbo ìlà wa gbà pé oyún ni, èmi náà gbà. Ṣùgbọ́n mo ń wò ó. Omi tó ń mu ti pọ̀ jù. Ikùn rẹ̀ ń tóbi, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń yọ. Mo ní bó bá tilẹ̀ jẹ́ oyún, oyún yìí fẹ́ pa ìyá rẹ̀, kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Mo kọ́kọ́ lọ béèrè iye tí wọ́n ń gbà, ọwọ́ mi kò sì ká a. Bàbá, òwò àgbàsìn tí ẹ fi tọ́ wa ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹnì kan á fa abo ewúrẹ́ lé yín lọ́wọ́, ẹ ó máa bọ́ ọ, ẹ ó sì jọ pín ọmọ tó bá bí. Mo yí i padà díẹ̀. Mo lọ bá àwọn mẹ́ta tí eku ń jẹ ọjà wọn: Alhaja, Ìyá Rejoice tó ń ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àti Mallam Abdulkareem tó ń ta ẹ̀pà àti àlùbọ́sà ní ọ̀ọ́kán. Mo ní kí wọ́n dá owó ìtọ́jú, èmi yóò máa bọ́ ológbò, tó bá sì bímọ, tí a já wọn lẹ́nu ọmú, oníkálukú yóò mú ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Mallam Abdulkareem, tí Yorùbá wọn jinlẹ̀ ju tèmi lọ, ní, "Wọ́n ń gba ewúrẹ́ sìn, wọ́n ń gba màlúù sìn. Ológbò? Lóòótọ́, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí baba ẹnì kan. Ta ni yóò máa kó ìgbẹ́ rẹ̀?" Mo ní, "Èmi ni, sà." Ìyá Rejoice, tí wọ́n jẹ́ Onítẹ̀bọmi paraku, ní àwọn kò fẹ́ràn ohun tí ojú rẹ̀ ń tàn nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n eku ti dá ihò sí ìdí àpò wọn, èlùbọ́ ń dà sílẹ̀ bíi yanrìn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá owó náà.

Nílé ìtọ́jú ẹran Dókítà Akínpẹ̀lú ní Under G, ajá ló kún ibẹ̀, èmi nìkan ni mo gbé ológbò. Dókítà fi ẹ̀rọ kan sí i níkùn, wọ́n wá yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi. Wọ́n ní, "Wò ó dáadáa. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Omi tó ti bàjẹ́ ló kún ilé ọmọ rẹ̀. Tí a kò bá yọ ilé ọmọ náà kíákíá, yóò bẹ́ sí i nínú, yóò sì pa á." Mo bi wọ́n pé tí wọ́n bá yọ ọ́, ṣé ó tún lè bímọ. Wọ́n ní, "Láéláé."

Owó iṣẹ́ abẹ náà ju owó oṣù mi méjì lọ. Tí mo bá pa èyí tí àwọn mẹ́ta yẹn dá pọ̀ mọ́ èyí tí mo ń tọ́jú láti fi ra fóònù tuntun, yóò tó ìdajì, dókítà sì ní òun á gba ìdajì, kí n máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. "Kó o wá kí n bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n wí. Owó náà wà nínú báàgì mi. Mo dìde dúró, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó tó wà lọ́wọ́ mi yìí, owó ọmọ ni, kì í ṣe owó ìyá. Mo ní láti lọ sọ fún àwọn tó ni ín." Dókítà wò mí títí. Wọ́n ní kí n fi ológbò sílẹ̀, àwọn á gún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò gbé e ró di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kí n má pẹ́.

Mo gun ọ̀kadà padà sí Sábó. Bàbá, ẹ̀rù bà mí lórí ọ̀kadà yẹn. Bí wọ́n bá gba owó wọn, Bísíkíìtì á kú. Bí mo bá dákẹ́, yóò yè, ṣùgbọ́n irọ́ ni n ó máa fi ẹja bọ́ lójoojúmọ́, tí àwọn èèyàn á sì máa bi mí pé ìgbà wo ló máa bí. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń gbé awọ ewúrẹ́ tó bá kú sí wa lọ́wọ́ lọ fún ẹni tó ni ín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ ti tà á.

Mo pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù wa, mo sọ ọ́ bí dókítà ṣe sọ ọ́. Ìyá Rejoice ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ológbò tí kò lóyún lo fi gbowó lọ́wọ́ mi. Kó owó mi wá, ọmọ yìí, kà á lójú mi." Mo kà á fún wọn, kò dín kọ́bọ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni Mátíù ń di àpò àlùbọ́sà tí Mallam fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó mirí, ó ṣíná, ó lọ. Ibi tí ó gbọ́ ọ dé nìyẹn. Èyí tó kù kò ṣojú rẹ̀.

Mallam ní, "Ewúrẹ́ tí kò bá bí, a máa ń pa á jẹ ni. Ológbò tí kò bí, ìwọ ọmọ Ọ̀yọ́, kí la fẹ́ fi ṣe?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àwọn oníbàárà náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kí á pín ìyá." Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ ológbò kò ní lè pa eku títí yóò fi dàgbà, ìyá yìí sì ti mọ̀ ọ́n pa. Dókítà sì ti sọ fún mi pé èyí tí a bá yọ ilé ọmọ rẹ̀ kì í sábà rìn gbéregbère wá akọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lọ bímọ sínú àjà ẹlòmíràn. Kó máa sùn ní ṣọ́ọ̀bù kan lónìí, kó sùn ní òmíràn lọ́la. Mo kó owó tó kù jáde, mo gbé e lé orí àpò ìrẹsì. Mo ní, "Kì í ṣe dandan o. Owó yín nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ tirẹ̀, kó mú un." Láti ìgbà tí mo ti dé Sábó, n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Alhaja bi mí pé, "Ṣé dókítà ló ní kí o wá sọ fún wa?" Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní, "Tí o bá ti dákẹ́ ńkọ́?" Mo ní, "Ẹ̀ bá ṣì máa retí ọmọ." Alhaja tú etí ìró wọn, wọ́n ka iye tí Ìyá Rejoice gbà, wọ́n fi dí i, wọ́n wá kó gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mallam ń wò. Wọ́n ní, "Wallahi, ọmọ yìí ti so mí mọ́lẹ̀. Tí mo bá gba owó mi báyìí, ojú ológbò ni n kò ní lè wò mọ́. Máa lọ. Ṣùgbọ́n tèmi ni òru Ọjọ́bọ̀ o, ìgbà yẹn ni ẹ̀pà mi máa ń wọlé."

Bàbá, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣe é. Dókítà fi ohun tí wọ́n yọ hàn mí nínú abọ́, ó tóbi ju ọwọ́ mi méjèèjì lọ. N kò mọ bí ẹran kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbé e kiri. Ẹ̀yìn àpò ìrẹsì ni mo tẹ́ aṣọ sí fún un, pẹ̀lú ike tí wọ́n fi yí ọrùn rẹ̀ ká kó má baà lá ojú abẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó nawọ́ sí edé tí mo ń ṣà, ó jẹ ẹ́ ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ó tún wojú mi fún òmíràn. Alhaja ń kírun lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n sálámà tán, wọ́n ní kí ló dé tí mo ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ́nà.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá tán, ọ̀dọ̀ Mallam ló kọ́kọ́ sùn. Ilẹ̀ mọ́, eku wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tò bí ọjà. Mallam kò jẹ́ kí n gbá wọn títí gbogbo ìlà fi rí i. Láìpẹ́, Ìyá Rejoice wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọn kò pè mí ní ọmọ yìí mọ́. Wọ́n ní, "Waliyat, ṣé ẹ kò wá ẹlòmíràn kún yín?" Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ̀rọ̀ tó le, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bi àwọn tó ni ín. Alhaja ní kí wọ́n san èyí tí wọ́n gbà, kí wọ́n sì fi ẹja lé e. Wọ́n san án. Ẹja náà tóbi.

Ìyókù owó dókítà, mo ń san án ní ìparí oṣù, n kò sì bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ohunkóhun ránṣẹ́. Fóònù lè dúró. Orí mi wú, Bàbá, n kò lè fi pamọ́ fún yín. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ bá bi yín pé ṣé lóòótọ́ ni ọmọ yín gba owó lórí ológbò, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní kó lọ sí Sábó, kó bi wọ́n wò bóyá a rí ẹni tó fẹ́ gba tirẹ̀ padà.

Ọlọ́run Ọba yóò lọ́ra ẹ̀mí yín. Ẹsẹ̀ yín yóò gbé yín lọ, yóò gbé yín bọ̀. Ohun ọ̀sìn yín kò ní kú sí yín lọ́wọ́, ẹ̀yin náà yóò sì jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ wa, àmín. Ẹ bá mi kí Màmá, mo ń bọ̀ wálé kí ọdún tó parí.

Èmi ni ọmọ yín tó ń bọ̀wọ̀ fún yín,

Waliyat.

Àfikún: Kí n tó lẹ àpòòwé lẹ́tà yìí, Mátíù gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń gbọ̀n ọ́n wò, ó ní ṣé òun wà nínú rẹ̀. Mo ní ó wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a jà, ẹ fún un ní omi mu. Ṣùgbọ́n kí ẹ kà á sí i létí kó tó padà.